Alẹ́ Tí Ọmọ Edé Bá Bọ́ Ìkarawun

Ní òru, nísàlẹ̀ pọ́ǹdù, ọmọ edé kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ dẹ́kun oúnjẹ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìkarawun rẹ̀ là lẹ́yìn, níbi tí igbá-àyà ti pàdé ìrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ yọ: ó yọ ojú, ó yọ ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì, ó yọ ọwọ́, ó yọ ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé edé méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣófo, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Èkejì rọ̀ bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Kò lè dúró dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di nǹkan mú, kò sì sí ohun tó lè fi gba ara rẹ̀. Bí edé mìíràn bá gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí yẹn, tí ebi sì ń pa á, ó parí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú omi tí ọmọ edé ń fẹ́, kí ó fi wákàtí yìí sọ́kàn. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín, wọn á ka nǹkan sílẹ̀ fún wa: ìwọ̀n ooru, afẹ́fẹ́ inú omi, ẹfun, ibi ìsápamọ́, oúnjẹ. Á dà bí òfin tí kò bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ló bí gbogbo wọn: kí ọmọ edé lè bọ́ ìkarawun nígbà tó yẹ kí ó bọ́ ọ, kí tuntun tètè le, kí ó sì rí ibi sá sí títí yóò fi le.

Edé wo là ń sọ? Edé wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Ìlàjẹ ń yan létí òkun, tí a ń fi kóńgò wọ̀n lọ́jà, tí ẹ ń lọ̀ sínú ẹ̀fọ́, ọmọ òkun àti ọmọ ẹnu ọ̀sà nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé ní ọwọ́ ńlá méjì bíi ti akàn, ìkarawun rẹ̀ nípọn, inú omi tí kò níyọ̀ ló sì ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dọjọ́ tó máa kú. N óò máa pè é ní edé ọlọ́wọ́-akàn. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà. Ilẹ̀ Áfíríkà kò ní ti ìbílẹ̀ kankan, àfi erékùṣù Madagásíkà. Èyí tí mo mú fún àpẹẹrẹ ni redclaw, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń jẹ́ Cherax quadricarinatus. Odò àríwá Ọsirélíà àti gúúsù erékùṣù New Guinea ni ilé rẹ̀. Akọ tó ti dàgbà ní àmì pupa létí ọwọ́ méjèèjì, ibẹ̀ ni orúkọ ọ̀hún ti wá. Àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Queensland bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, ibùdó ìwádìí tó wà ní Walkamin, lórí òkè Atherton, sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ara balẹ̀ wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà.

Ohun kan ló mú kí redclaw rọrùn láti sìn ju edé odò tiwa lọ. Edé odò ńlá tí wọ́n ń pa ní odò wa, Macrobrachium vollenhovenii, inú odò ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú ẹyin kò lè dàgbà níbẹ̀. Omi tó níyọ̀ díẹ̀, irú ti ọ̀sà, ló gbọ́dọ̀ dé, kí ó pàwọ̀ dà léraléra níbẹ̀, kó tó di edé gidi tó lè padà sókè odò. Lára mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àṣírí yìí: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní Penang, ní Malaysia, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Shao-Wen Ling rí i pé láìsí iyọ̀ nínú omi, ọmọ wọn kì í yè. Redclaw kò ní wàhálà yìí rárá. Ọmọ rẹ̀ kì í kúrò lára ìyá rẹ̀ títí yóò fi jọ ọ́ látòkèdélẹ̀, àfi pé ó kéré.

Abẹ́ ìrù ni ìyá ń gbé ẹyin sí. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sí ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ ẹyin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, á sì máa ju ẹsẹ̀ náà síwá sẹ́yìn kí omi tútù lè máa gba àárín wọn kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ló ń gbà kí wọ́n tó pa, bí omi bá ṣe gbóná sí. Ẹyin á máa yí àwọ̀ padà díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi rí ojú dúdú méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá pa tán, àwọn ọmọ kò ní lọ. Wọ́n á di ẹsẹ̀ ìyá wọn mú fún ọjọ́ mélòó kan sí i, oúnjẹ tó ṣẹ́kù láti inú ẹyin ni wọ́n á máa jẹ, wọ́n á sì bọ́ ìkarawun níbẹ̀ lábẹ́ ààbò. Ọjọ́ tí wọ́n bá já bọ́ tán, ọ̀kan kò wúwo ju nǹkan bí 0.02 gíráàmù lọ. Àádọ́ta wọn ni yóò pé gíráàmù kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni omi ti di ìyá wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ooru. Redclaw fẹ́ràn omi tó wà láàárín dígírì 25 sí 30. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 20, ìdàgbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Bí ó bá tutù tó 10, ikú ti dé nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìkarawun kì í fẹ̀. Ọmọ ènìyàn ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n edé kò lè tóbi sí i àfi tó bá bọ́ aṣọ líle tó wọ̀, tó fa omi mu, tó wú, kí tuntun tó le mọ́ ọn lára. Nínú omi tó gbóná tó, ọmọ kékeré lè bọ́ ọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á máa pẹ́ sí i bí ó ṣe ń tóbi. Nínú omi tútù, kò ní bọ́ ọ. Ìdí nìyí tí oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, tí í ṣe ìgbà òtútù ní Ọsirélíà, fi jẹ́ oṣù ìsinmi fún pọ́ǹdù redclaw. Lọ́wọ́ kejì, ẹ má rò pé bí omi bá ṣe gbóná tó ni ó ṣe dára tó. Omi tó ti kọjá 32 kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì ń di májèlé kíákíá. Pọ́ǹdù tó jìn ju mítà kan lọ dáàbò bò wọ́n: òkè á máa gbóná lọ́sàn-án gangan, ìsàlẹ̀ á tutù díẹ̀, ọmọ edé á sì lọ síbi tó bá wù ú.

Ọ́síjìn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí níbẹ̀ ni ẹni tó bá ti ń sin ẹja àrọ̀ ti lè ṣìnà. Àrọ̀ ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Bí omi bá burú, á yọ sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á padà sísàlẹ̀. Àrọ̀ a máa yè nínú omi tí ẹja mìíràn kò lè fi imú fín, nítorí náà a ti mọ́ra pẹ̀lú omi tó ṣú, tó ń rùn. Ẹ má fi ojú yẹn wo edé. Inú omi ló ti ń fa ọ́síjìn, kò ní ohun tó fi ń gbé afẹ́fẹ́ mì bíi ti àrọ̀. Ó yẹ kí ọ́síjìn tó míligíráàmù 5 nínú lítà omi kan, pàápàá fún ọmọ kékeré. Àgbà redclaw lè fara da èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ọmọ kò lè fara dà á bí ti àgbà, ọmọ tó sì ń bọ́ ìkarawun lọ́wọ́ kò lè fara dà á rárá, nítorí iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yẹn, ó ń gba èémí.

Wákàtí tó léwu jù ni ìdájí. Lọ́sàn-án, àwọn ewé wínníwínní tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé máa ń pèsè ọ́síjìn bí oòrùn bá ti ràn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọn kò pèsè mọ́. Àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí in, edé ń mí in, oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń lò ó. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ohun tó kù nínú omi lè má tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ gbé iná lọ sétí pọ́ǹdù ní àkókò yẹn, kì í ṣe ní ọ̀sán nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń dára. Bí ẹ bá rí ọmọ edé tó gun ara koríko, tí wọ́n tò sí etí omi, tí àwọn mìíràn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí apá kan ara wọn lè kan afẹ́fẹ́, omi yẹn ti ń pa wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Queensland ń lò kò díjú: ẹ̀rọ á fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù tó dúró nínú omi, atẹ́gùn tó ń gòkè á fa omi ìsàlẹ̀ dání, á tú u sókè. Omi á máa yí po, ìsàlẹ̀ tí edé ń gbé á sì rí ọ́síjìn gbà.

Ẹfun ló tẹ̀ lé e, mo sì gbà pé òun ló yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó mú ìkarawun ìgbín le, tó mú eegun wa le, kálísíọ̀mù, òun náà ló mú ti edé le. Kí edé tó bọ́ ìkarawun, ó máa ń fa díẹ̀ lára kálísíọ̀mù inú èyí tó wọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì kó o pa mọ́ sí ara ògiri ikùn rẹ̀ ní ọ̀nà òkúta funfun méjì, ribiti bíi bọ́tìnnì. Tó bá bọ́ ọ tán, òkúta náà á já sínú ikùn, á yọ́, á lọ mú ẹnu àti àwọn ibi tó kánjú jù le ná, kí ó lè jẹun. Nígbà àtijọ́, àwọn apòògùn Yúróòpù máa ń ta òkúta yìí fún ẹni tí inú ń ta, "ojú akàn" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí ó ṣe rí, kí ó la orí edé ọlọ́wọ́-akàn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ìkarawun, á bá a níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkúta méjì kékeré yẹn kò lè kárí gbogbo ara. Inú omi ni edé ti ń fa ìyókù, láti ibi tó fi ń mí. Bí omi kò bá ní ẹfun, ó ti há nìyẹn: ó ti bọ́ aṣọ, kò rí òmíràn wọ̀. Wákàtí díẹ̀ tó yẹ kí ó fi rọ̀ á di ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ ewu ni gbogbo rẹ̀. Omi òjò àti omi odò tó ń ṣàn lórí àpáta akọ kì í sábà ní ẹfun tó. Ohun èlò ìdánwò tí wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́sìn ẹja á sọ bí omi ṣe le sí. Kí ó tó 50 ó kéré tán, kí ó sún mọ́ 100 ni ó dára jù, ní míligíráàmù nínú lítà kan. Bí kò bá tó, láìmù àgbẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú pọ́ǹdù. Láìmù yẹn náà á gbé pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, dúró láàárín 7 sí 8.5, èyí tí ara edé fẹ́. Bí ẹ bá sì rí ìkarawun òfìfo nísàlẹ̀ àwo tàbí táńkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o dànù bí ìdọ̀tí. Edé tó bọ́ ọ ló máa padà wá jẹ ẹ́, nítorí ẹfun rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àwọn májèlé kò gba àlàyé gígùn. Amóníà ń wá láti inú ìgbẹ́ edé àti oúnjẹ tí a dà jù, bí pH àti ooru bá sì ṣe ń gòkè ni ó ṣe ń burú sí i. Omi ẹ̀rọ tó ní kulorínì, ẹ jẹ́ kí ó sinmi kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó kan ọmọ edé. Bàbà burú fún wọn, nítorí náà ẹ má lo páìpù bàbà. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ṣinṣin ni oògùn kòkòrò. Edé àti kòkòrò, ìbátan ni wọ́n. Oògùn tí a ṣe kí ó pa eèrà àti ẹ̀fọn kò mọ ìyàtọ̀. Ìwọ̀nba tí ẹja kò ní kà sí, ìwọ̀nba tí atẹ́gùn gbé láti oko aládùúgbò, lè pa odindi pọ́ǹdù run.

Ní ti ibi ìsápamọ́, ẹ wo ohun tí àwọn àgbẹ̀ Queensland ń lò: àpò nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà. Wọ́n á kó mélòó kan jọ, wọ́n á fi okùn dì wọ́n lẹ́nu bí ìdì ewé, wọ́n á so nǹkan wúwo mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á so ohun tó ń léfòó mọ́ òkè kí ó lè yà yanyan nínú omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun yíyọ̀ kan á bo ojú nẹ́ẹ̀tì náà, kòkòrò omi wínníwínní á kún un. Ọmọ edé á wọ inú ìṣẹ́po rẹ̀, á rí ilé, á rí oúnjẹ lára ògiri ilé náà. Páìpù gbọọrọ yẹ àgbà, kò yẹ ọmọ: ihò tó bá gba ọmọ edé mẹ́wàá á gba èyí tó máa jẹ wọ́n náà. Àpò àlùbọ́sà pín ibẹ̀ sí ìyẹ̀wù kéékèèké tó pọ̀ débi pé ẹni tó ń bọ́ ìkarawun ní tirẹ̀ lè dá wà.

Àwọn ọ̀tá pọ̀ lóde. Àgbà lámilámi tó ń fò lójú omi ò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó ń gbé inú omi, ọdẹ paraku ni. Ẹyẹ apẹja ń bọ̀ láti òkè, wọ́n fi àwọ̀n bo pọ́ǹdù nítorí rẹ̀. Ẹja kò gbọ́dọ̀ sí nínú pọ́ǹdù ọmọ edé rárá. Síbẹ̀, àwọn tó ń sìn ín mọ̀ pé ọmọ edé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ wà lára ohun tó burú jù. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹyin gbogbo ìyá tó wà nínú pọ́ǹdù kan pa ní ìgbà kan náà, kí ọmọ má baà ju ara wọn lọ púpọ̀.

Oúnjẹ rọrùn ní tirẹ̀. Koríko gbígbẹ tó ń jẹrà nínú omi, àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní tó ń jáde lára rẹ̀, àti oúnjẹ hóró díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, nítorí òru ni edé ń jẹun.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń rò ó pé ooru wa ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta bá ohun tí mo kà sílẹ̀ mu, òtítọ́ ni, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ní 1970 wọ́n kó edé ọlọ́wọ́-akàn ti Louisiana sínú adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà. Ó pọ̀ sí i títí ó fi jẹ òṣíbàtà àti ewé abẹ́ omi run ní ọ̀pọ̀ ibi. Redclaw fúnra rẹ̀ ti sá kúrò nínú oko ní gúúsù Áfíríkà, ó ti wà ní odò Kafue àti adágún Kariba báyìí, níbi tó ti ń jẹ ẹja tó há sínú àwọ̀n àwọn apẹja kí wọ́n tó jí débẹ̀. Ó ń rìn lórí ilẹ̀ ní òru òjò. Ọgbà tó yí pọ́ǹdù ká ní Queensland, nítorí rẹ̀ ni. Èmi kò ní fẹ́ rí i ní odò Ògùn tàbí odò Ọ̀ṣun. A ní edé odò tiwa. Yàtọ̀ sí omi iyọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ń bọ́ ìkarawun, òun náà ń fẹ́ ẹfun, èémí ìdájí àti ibi tó lè sá sí, ìmọ̀ tí mo kọ síhìn-ín kò sì ní ṣòfò lórí rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ redclaw bá ti lo oṣù mélòó kan, tí ó ti tó gíráàmù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kó o lọ sí pọ́ǹdù àgbà. Edé yìí fẹ́ràn kí ó máa rìn kọjú sí omi tó ń ṣàn bọ̀. Nítorí náà, wọ́n á fa pọ́ǹdù gbẹ díẹ̀díẹ̀ lálẹ́, wọ́n á jẹ́ kí omi mímọ́ máa ṣàn wá láti inú àpótí kan, gba orí pákó tó dagun, wọ inú ìyókù omi ìsàlẹ̀. Ní gbogbo òru, àwọn edé á máa gun pákó náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa já sínú àpótí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti kún. Ṣùgbọ́n àwọn tó bọ́ ìkarawun ní òru náà kò ní gun ohunkóhun. Inú ìdì àpò àlùbọ́sà ni wọ́n wà. Àgbẹ̀ á wọ inú ẹrẹ̀ lọ, á gbé abọ́ omi sí abẹ́ ìdì kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e sókè, á gbọ̀n ọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́, á sì kó àwọn tó rọ̀ sínú abọ́ tiwọn lọ́tọ̀.